Orúkọ Wọn Dà?

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, àwọn aláṣẹ a máa pé jọ ní Àbújá àti ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa tí ó ti kú. Fèrè a dún, ìbọn ńlá a dún ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún, gbogbo ènìyàn a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, a ó sì gbé òdòdó tí a hun bí òṣùká síwájú ère ọmọ ogun tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Ààrẹ tàbí Gómìnà yóò tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ kí ó fò lọ sí ojú ọ̀run gẹ́gẹ́ bí àmì àlàáfíà. Nígbà mìíràn ẹyẹlé a kọ̀, kò ní fò. A sì ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹyẹlé ni àwọn ènìyàn yóò máa gbé kiri fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, láìmẹ́nu ba òkú kan ṣoṣo.

Àwa kò fi ètò náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlú tí kò bá ní ọjọ́ kan tí ó yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó kú nítorí rẹ̀, ìlú aláìmoore ni. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń dùn wá nínú rẹ̀, ohun náà kò sì kéré. Bí ènìyàn bá jókòó ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, yóò gbọ́ orúkọ Ààrẹ, yóò gbọ́ orúkọ àwọn mínísítà àti ti àwọn ọ̀gá ogun tí ó wà lórí oyè, yóò gbọ́ orúkọ àlùfáà àti ti ìmáàmù tí ó gba àdúrà. Àwọn tí a tìtorí wọn pé jọ gan-an ni ó ṣọ̀wọ́n kí a dárúkọ. Akọni wa tí ó ti lọ ni a ń pè wọ́n, gbogbo wọn lápapọ̀, àfi bí ẹni pé ìyá kan ṣoṣo ni ó bí wọn, tí ó sì gbàgbé láti sọ wọ́n lórúkọ.

Nítorí àwọn ọ̀dọ́ inú àwọn òǹkàwé wa, ó yẹ kí a sọ ibi tí ọjọ́ yìí ti wá. Kì í ṣe oṣù kìn-ín-ní ni a ti ń ṣe é láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lé wa lọ́wọ́, nítorí pé ní ọjọ́ náà ní ọdún 1918, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, ni ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tiwa ni ìjọba yí ọjọ́ náà padà sí ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní. Ní ọjọ́ náà ní ọdún 1970 ni Philip Effiong, tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí olórí Biafra lẹ́yìn tí Ojukwu ti kúrò ní ìlú, wá sí Dodan Barracks ní Èkó, tí ó sì túúbá níwájú Yakubu Gowon. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1967 parí lẹ́yìn ọgbọ̀n oṣù. Gowon sọ ní ìgbà náà pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun.

Bóyá àwọn tí ó yan ọjọ́ náà rò ó, bóyá wọn kò rò ó, ṣùgbọ́n ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ní ẹ̀jẹ̀ mìíràn lára. Ní òru ọjọ́ náà ní ọdún 1966 ni àwọn ọmọ ogun kan dìde, tí wọ́n mú Abubakar Tafawa Balewa, Olórí Ìjọba Àpapọ̀, lọ sí ibi tí kò ti padà láàyè, tí wọ́n pa Ahmadu Bello ní Kaduna àti Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì pa àwọn ọ̀gá tiwọn náà nínú iṣẹ́ ogun. Ọ̀gágun Samuel Adémúlégún, ọmọ Oǹdó, wà nínú àwọn tí ó kú. Inú ilé rẹ̀ ní Kaduna ni wọ́n ti pa á pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ogun tí ó kú ni òun náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ogun bíi tirẹ̀ ni ó kú sí. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu ba èyí níwájú ère. Ó rọrùn láti gbé òdòdó fún òkú tí kò ní orúkọ, nítorí pé òkú tí kò ní orúkọ kò lè bi wá léèrè ẹni tí ó pa á.

Àwọn baba wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ayé ogun, bí ọmọkùnrin kan bá ṣubú ní ojú ìjà tí ọ̀nà sì jìn, tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wá sílé, àwọn tí wọ́n jọ lọ a gé díẹ̀ nínú irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọn a dì í, wọn a gbé e wá fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Irun àti èékánná náà ni a ó sin bí ẹni tí ń sin odindi ènìyàn. A ó ki oríkì rẹ̀ láti orí baba ńlá rẹ̀ títí kan òun fúnra rẹ̀, agbo ilé yóò sì mọ̀ pé ọmọ ti wọlé. Ohun tí àṣà náà ń sọ kò ṣòro láti mọ̀: ọmọ ogun kì í ṣe ti balógun tí ó kó o lọ nìkan, ti ilé tí ó ti jáde ni pẹ̀lú. Òwe wa sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá kú tí a kò pe orúkọ rẹ̀, ikú ẹrú ni a fi í kú, bí ó ti wù kí ìbọn tí a yìn fún un pọ̀ tó.

Ikú ẹrú yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kú nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù láti ọdún 1914 títí di 1916. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti jà ní Mahiwa ní oṣù kẹwàá ọdún 1917, nínú ìjà kan tí ó le púpọ̀. Àwọn aláàárù tẹ̀lé wọn, àwọn tí kò gbé ìbọn, tí wọ́n ru ọta àti oúnjẹ lórí la igbó kọjá. Àìsàn àti ebi pa nínú àwọn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ta ni ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀? Ní ọdún 1917 kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba wọn. Òfin àjọ náà dára púpọ̀: ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ni a ó dárúkọ, a kì yóò fi ti ọ̀gá ṣáájú ti ọmọ abẹ́, a kì yóò sì wo ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ènìyàn dúdú, òfin náà yí padà ní ẹnu wọn. Ní ọdún 1923, Gómìnà Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Gánà lẹ́yìn náà, sọ pé òkúta ibojì kò ní yé ọmọ ilẹ̀ náà, kò sì ní mọ iyì rẹ̀.

Ó tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó jẹ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ kan náà gbé ìwádìí jáde, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé ó kéré tán ènìyàn 116,000, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó tó 350,000, ni ó kú nínú ogun náà láìsí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sí ibikíbi. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àjọ náà tọrọ àforíjì. A gbà á lọ́wọ́ wọn, nítorí pé àforíjì tí ó pẹ́ sàn ju èyí tí kò dé rárá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka ìròhìn náà, tí inú bí wa bí ó ti yẹ, ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wá lẹ́nu: ìwé tiwa dà? Ẹni tí ó bá ń bínú sí ọ̀gá nítorí pé kò ka orúkọ ọmọ òun, ǹjẹ́ òun fúnra rẹ̀ ti kà á?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ Yorùbá kan tí orúkọ rẹ̀ kò sọnù. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ogun ní ọdún 1942, láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n fi í sí àárín àwọn tí ń tọ́jú ẹni tí ó fara gbọgbẹ́, ó sì bá ìpín ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Bọ́mà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Myanmar lónìí. Àfonífojì odò Kaladan ni wọ́n gbà lọ, níbi tí kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, láti inú ọkọ̀ òfurufú ni a sì ti ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan yìnbọn lù wọ́n ní etí odò náà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kú. Ọta ìbọn fọ́ Fádóyèbọ̀ ní ẹsẹ̀, ó sì bà á ní ikùn. Inú igbó ni òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, wà, tí wọn kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé, bóyá ọ̀tá ni tàbí ikú.

Ẹni tí ó dé ni àgbẹ̀ kan, Mùsùlùmí ará abúlé ibẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman. Ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, nígbà tí ó sì yá ó gbé wọn pamọ́ sínú ilé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé bí àwọn ará Japan bá rí wọn níbẹ̀, òun pẹ̀lú aya àti ọmọ ni yóò bá a lọ. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun tiwọn tó padà gba ibẹ̀. Fádóyèbọ̀ padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò gún mọ́, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ìrántí rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a tẹ̀ ní ìwé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999. Ní ọdún 2011, oníròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e dé Bọ́mà, ó sì wá àwọn ọmọ Shuyiman rí. Ọdún kejì ni Fádóyèbọ̀ kú. Ẹ kíyè sí i: lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, bàbá arúgbó yìí kò gbàgbé orúkọ àgbẹ̀ tí ó fún un ní oúnjẹ.

Àwọn tí wọ́n jọ wà ní etí odò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ńkọ́? Ní Taukkyan, lẹ́bàá Yangon, òpó òkúta ńlá wà tí a gbẹ́ orúkọ àwọn tí a kò rí ibojì wọn sí lára, nǹkan bí 27,000 orúkọ, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́gbọ́n díẹ̀ láàárín ogun méjèèjì. Orúkọ àwọn ọmọ wa wà ní Bọ́mà nígbà náà; ojo ń rọ̀ sí i, àlejò tí kò mọ bí a ti ń pè é ni ó sì ń kà á. Ní ìlú tí a ti sọ wọ́n ní orúkọ náà, níbi tí gbogbo ènìyàn ì bá ti pè é dáadáa, kò sí ohun tí a kọ.

Kí a má baà dà bí ẹni tí ń tọ́ka sí ilé onílé, a ó sọ ti ilé wa. Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń kọ ojú ewé yìí dàgbà sí agbo ilé kan tí àwòrán ọmọ ogun kan wà lára ògiri pálọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó dojú kọ ayàwòrán, ó dé fìlà ṣójà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí a ní kí ó má rẹ́rìn-ín. Ará Bọ́mà ni wọ́n ń pè é. Àbúrò baba baba alábàáṣiṣẹ́ wa ni, ó lọ, kò padà, kò sì bímọ kí ó tó lọ. Bí a bá ń kọ́lé, a ó gbé àwòrán náà kúrò. Bí a bá kun ilé tán, a ó dá a padà. Ní ọdún tí ó kọjá ni alábàáṣiṣẹ́ wa yìí bèèrè pé kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwọn ọkùnrin ilé wo ojú ara wọn. Wọ́n tú àwòrán kúrò nínú férémù bóyá a kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, òǹkà kan ni wọ́n bá níbẹ̀, òǹkà tí ìjọba fún un. Olùkọ́ ni alábàáṣiṣẹ́ wa tẹ́lẹ̀ kí ó tó di akọ̀ròhìn, ó sì ti kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ní orúkọ àwọn odò ilẹ̀ òkèèrè láìmọ orúkọ ẹni tí ó ń wo òun láti ara ògiri.

Ogun abẹ́lé sún mọ́ wa ju Bọ́mà lọ, síbẹ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra kọjá odò Ọya, wọ́n gba Ìpínlẹ̀ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì dé Òrè. Títí di òní, bí nǹkan bá le, àwọn ènìyàn wa a máa ní ó le kú, ìjà Òrè. Ìjà náà ti di àṣà ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe àwàdà ní ọjà; ta ni ó lè dárúkọ ènìyàn mẹ́ta tí ó kú níbẹ̀? A ń rántí àwọn ọ̀gá. Kò sí ọmọ Adó-Èkìtì tí kò mọ Adékúnlé Fájuyì, Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn tí a pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, ní oṣù keje ọdún 1966, nítorí pé ìlú rẹ̀ mọ ère rẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn rẹ̀. Èyí fi hàn pé a mọ bí a ti ń ṣe é. Kékeré ṣójà tí ó kúrò nílé ní ọdún kan náà, tí ó fi ìyá sílẹ̀ nídìí ìsáasùn, òun ni a kò ṣe é fún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí ó ṣòro, a kò sì ní fò ó. Ẹni tí ó ṣáájú àwọn ọmọ ogun Biafra dé Òrè, ọmọ Yorùbá ni: Victor Bánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí àwọn Biafra fúnra wọn yìnbọn pa ní Enugu ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1967 nítorí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Ǹjẹ́ a ó pe orúkọ tirẹ̀ náà? Àwọn ọmọ Ìbò tí wọ́n kú ní apá kejì ńkọ́, tí ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní jẹ́ ọjọ́ tí olórí wọn túúbá? Lójú tiwa, bí ọ̀rọ̀ Gowon kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, a ó pe gbogbo wọn. Ìjọba gan-an ti ṣe nǹkan kan lórí èyí: ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2000, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ yí ìwé ìléní-kúrò àwọn ọmọ ogun tí ó jà fún Biafra padà sí ìwé ìfẹ̀yìntì. Bí ìwé alààyè bá ṣeé tún kọ, kí ni ó dé tí a kò lè kọ ti òkú?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni a ń sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́. Láti ọdún 2009 ni àwọn ọmọ ogun wa ti ń kú nínú ìjà Boko Haram ní Borno àti àyíká rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọlu àgọ́ wọn ní Metele ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó kọjá kí àwọn aláṣẹ tó là á sílẹ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀gá ogun dárúkọ iye kan, àwọn oníròyìn dárúkọ iye tí ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀, àwọn òkú sì di iye tí a ń jiyàn lé lórí. Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a pa ọmọ ogun mẹ́tàdínlógún ní Okuama, ní Ìpínlẹ̀ Delta, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. A tẹ orúkọ àti àwòrán wọn jáde. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fúnra rẹ̀ lọ sí ibi ìsìnkú wọn ní Àbújá, ó sì ṣèlérí ilé fún ìdílé kọ̀ọ̀kan àti owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Àwọn tí kò mọ Okuama rí sunkún ní ọjọ́ náà, nítorí pé wọ́n rí ojú, wọ́n sì gbọ́ orúkọ. Ẹni tí a bá dárúkọ rẹ̀ gbangba, ó ṣòro láti jẹ ìdílé rẹ̀ ní gbèsè ní ìkọ̀kọ̀.

Àwọn ológun ní ìdáhùn sí èyí, ìdáhùn wọn sì ní òótọ́ nínú. Wọ́n ní bí a bá ń kéde òkú nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, inú ọ̀tá yóò dùn, ọkàn àwọn tí ó wà ní ojú ìjà yóò sì rẹ̀wẹ̀sì. A gbà. Kí wọ́n má sọ ibi tí ó kú sí, kí wọ́n má sọ ìpín ogun tí ó wà, kí wọ́n sì dúró kí ọdún kan kọjá bí wọ́n bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ó pa ọmọ ogun ti mọ̀ pé òun pa á. Ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀. Àwọn ará àdúgbò ti mọ̀. Àwa ará ìlú tí a ní ó kú nítorí wa nìkan ni a fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún.

Ẹ wo àwọn opó pẹ̀lú. Ní ọjọ́ ìrántí, a ó tò wọ́n sí abẹ́ àtíbàbà, aṣọ dúdú tàbí aṣọ funfun ni ara wọn, Gómìnà yóò bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, a ó sì fún wọn ní àpò ìrẹsì àti owó díẹ̀ níwájú àwọn ayàwòrán. Ẹni tí ń ka ètò náà yóò ní kí àwọn opó ọmọ ogun bọ́ síwájú. Obìnrin wọ̀nyí ní ọkọ tí ó ní orúkọ. Nínú wọn ni àwọn tí ọkọ wọn wà nínú ọkọ̀ òfurufú ogun tí ó já ní Èjìgbò, ní Èkó, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, tí ènìyàn tí ó lé ní 150 ṣègbé sínú rẹ̀. Kí ni ó ṣòro nínú kí a ní, ìyàwó lágbájá, ẹni tí ó kú ní ibi báyìí, ní ọdún báyìí, jọ̀wọ́ bọ́ síwájú? Ìrẹsì yóò tán nínú oṣù náà.

Àwọn mìíràn ń bèèrè pé kí ìjọba sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìsinmi, nítorí pé kò sí nínú àwọn ọjọ́ ìsinmi tí òfin ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀. Àwa kò bá wọn bèèrè rẹ̀. A mọ ara wa. Bí a bá ti ilé iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, ìnáwó ni a ó fi sí i, olórin yóò dé, ọ̀nà yóò sì dí ní Ìbàdàn. Kí ilé ẹ̀kọ́ ṣí ní ọjọ́ náà, ibẹ̀ gan-an ni a ti nílò rẹ̀.

Ohun tí a ń bèèrè kò ná ìjọba ní owó púpọ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ra ìwé ńlá kan, kí ó gbé e sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, kí akọ̀wé sì máa kọ orúkọ àwọn ọmọ ìlú náà tí ó kú sí ojú ogun sínú rẹ̀, láti ayé Kamẹrúùnù àti Bọ́mà títí dé Congo, Liberia, Sierra Leone àti Borno. Kí àwọn ọmọ ogun tí ó ti fẹ̀yìntì ran akọ̀wé lọ́wọ́, nítorí pé àwọn ni ó mọ ẹni tí ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí àwọn olùkọ́, tí a kò lè ṣàì bẹ̀ nítorí pé a mọ agbára wọn, fún àwọn ọmọ kíláàsì gíga ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan ní ìparí ọdún: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bèèrè ní ilé rẹ̀ bóyá ẹnì kan lọ sí ogun tí kò padà, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ baba rẹ̀ wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, kí wọ́n kà á sókè níwájú Ọba àti ìjòyè, kí àwọn tí ó mọ oríkì ilé náà sì fi oríkì gbè é. Bí ìlú kan bá ní orúkọ mẹ́ta péré, kí ó ka mẹ́ta. Ètò ti Àbújá lè máa lọ bí ó ti ń lọ, pẹ̀lú ẹyẹlé rẹ̀.

Kí a tó rí ìjọba ìbílẹ̀ tí yóò ra ìwé náà, àwa yóò ṣí ojú ewé yìí sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kọ orúkọ ẹni yín ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú orúkọ baba rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti ọdún tí ó kúrò nílé bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Yálà ọ̀gágun ni o, yálà aláàárù ni o, ìwọ̀n lẹ́tà kan náà ni a ó fi tẹ̀ ẹ́. Alábàáṣiṣẹ́ wa ti padà sí agbo ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í ṣe láti bi àwọn ọkùnrin mọ́. Ó lọ bá ìyá arúgbó kan ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí ó jẹ́ ọmọdébìnrin nígbà tí Ará Bọ́mà lọ. Ìyá náà wo àwòrán títí. Kò rántí orúkọ tí ó ń jẹ́ níta, ṣùgbọ́n ó rántí oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é bí ó bá ń ránṣẹ́ sí i láti ojúde, ó sì pè é ní ẹ̀ẹ̀mejì. Oríkì yẹn ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀.